Ọkọ̀ abẹ́ omi inú bàsíà

Àwọn àgbà ní bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín ná. Mo fẹ́ sọ bí ọmọ tí kò ní ju ọ̀bẹ, ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, ìṣó àti àbẹ́là lọ ṣe lè kan ọkọ̀ abẹ́ omi nínú ilé baba rẹ̀, tí ọkọ̀ náà yóò rì nígbà tí ó bá ní kí ó rì, tí yóò sì léfòó nígbà tí ó bá ní kí ó léfòó. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn ń kó sí. Ọkọ̀ kékeré ni, tí kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n tí ó jọ ti gidi lójú, tí ó sì ń ṣe bí ti gidi nínú omi. Ọ̀nà tí mo fẹ́ mú yín gbà débẹ̀ ni èbúté Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Port autonome d'Abidjan.

Kí ló dé tí mo fi mú Abidjan, tí n kò mú Èkó? Ìdí méjì ni. Èkíní, Abidjan kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò jẹ́rìí mi. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn dé ìlú náà kí ó má bá ẹni tó gbọ́ Faransé pàdé, nítorí pé láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní Côte d'Ivoire. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Treichville, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ti ń ṣòwò, ẹ̀gbẹ́ èbúté gan-an ló wà. Ẹrù tí ìyá ń tà ní ọjà Treichville, orí omi yẹn ló gbà wọlé. Ìdí kejì ni pé omi Abidjan ti fi ojú àwọn ọ̀mọ̀wé rí nǹkan. Ó ti kọ́ wọn pé òun kì í gba "bóyá", òun kì í sì í gba "ó jọ bẹ́ẹ̀". Ìwọ̀n ni omi mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló pààlà láàárín òkun àti ọ̀sà Ébrié nígbà àtijọ́. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Inú agbami ni yóò dúró sí, tí wọn yóò máa fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù àti èrò wá sórí afárá irin tí wọ́n nà sínú òkun. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú afárá bẹ́ẹ̀ ní Grand-Bassam, wọ́n sì ṣe òmíràn ní Port-Bouët ní ọdún 1931. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, láti ọdún 1904 sí 1907, àwọn Faransé ti gbìyànjú láti gbẹ́ ọ̀nà omi la yanrìn yẹn kọjá. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n náwó, wọ́n làágùn. Kò pẹ́ tí ìgbì fi kó yanrìn padà wá, tí ọ̀nà náà sì dí pa. Ó di ọdún 1950 kí ọ̀nà omi Vridi tó là wọ inú òkun, wọ́n sì ṣí èbúté náà ní ọdún 1951. Ọ̀nà omi yìí gùn tó kìlómítà 2.7, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó mítà 370. Kò dí títí dòní. Wọ́n tilẹ̀ tún un gbẹ́ kí ó jìn, kí ó sì fẹ̀ sí i, iṣẹ́ tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ayé òde òní lè ráyè wọlé.

Kí ló mú kí ti 1904 kùnà, tí ti 1950 fi dúró? Òkun kan náà ni, yanrìn kan náà ni. Ọ̀kan nínú ohun tó ran àwọn ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ ni pé wọ́n wá mọ ibi tí ìgbì ń gbé yanrìn gbà. Ìwọ̀ oòrùn ni yanrìn ti ń wá, ìlà oòrùn ló ń lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ Vridi, nísàlẹ̀ òkun, kòtò kàǹkà kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti etíkun tí ó sì ń jìn lọ wọ inú ibú. Trou-sans-Fond ni àwọn Faransé sọ ọ́, ìyẹn ihò tí kò nísàlẹ̀. Ẹ̀bá kòtò yìí ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi náà sí, kí yanrìn tó bá kọjá ẹnu ọ̀nà lè rí ibi dà sí. Wọ́n wo ohun tó wà lábẹ́ omi kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun tó wà lókè.

Kòtò yìí kan náà ló sì ṣe wá ní ohun tí a kò gbàgbé ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, owó kò ṣe é fi ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ báǹkì, fóònù àwọn ẹlòmíràn sì di òkúta lọ́wọ́ wọn. Okùn mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá, ACE, MainOne, SAT-3 àti WACS, ló já ní òkun iwájú Abidjan. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé ó jọ pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló ya nínú kòtò náà, tí ó sì fa àwọn okùn náà já. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló gbà kí àwọn ọkọ̀ atúnṣe tó dé, kí wọ́n wá àwọn okùn náà kàn, kí wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbàgì, n'Ìbàdàn, kò mọ Vridi, kò mọ Trou-sans-Fond. Síbẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ rí owó san fún un.

Èyí ló mú mi dé orí ọkọ̀ kékeré wa. Ní ibú tí ènìyàn kò lè dé, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, tí wọ́n ń fi okùn gígùn darí, tí ó ní ojú tí ó fi ń ríran àti ọwọ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Irú rẹ̀ tó kéré ni wọ́n ń lò ní àwọn èbúté ayé láti wo ìdí ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ afárá. Ọkọ̀ abẹ́ omi tí mo fẹ́ kọ́ ọmọ yín ní ṣíṣe, àbúrò ẹ̀rọ yẹn ni. Òfin kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ẹni tí ebi ń pa kò lè máa fi páìpù ṣeré nínú omi. Àwọn mìíràn yóò ní kò sí irinṣẹ́ lọ́wọ́ wa, pé àwọn òyìnbó tó ń ṣe irú nǹkan báyìí ní ẹ̀rọ tó ń gé e, ẹ̀rọ tó ń lẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ wo àwọn ọmọ tó ń fi òòlù àti ayùn jí ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú dìde. Ọwọ́ kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni ìwọ̀n. Ojú la fi ń díwọ̀n, ọgbọ́n orí la fi ń parí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́, a ó ní ayé ló ṣe é.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà. Simon Lake ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1893, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọlọ́gbọ́n mú àwòrán ọkọ̀ abẹ́ omi wá. Lake mú tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Kò lówó, kò ní ilé iṣẹ́. Ní ọdún 1894, ó fi pákó kan ọkọ̀ tirẹ̀. Ó to pákó náà ní ìpele méjì, ó sì fi aṣọ líle tí a fi ọ̀dà kùn sí àárín wọn kí omi má bàa wọlé. Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Táǹkì afẹ́fẹ́ rẹ̀, inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó ti yọ ọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí táyà rẹ̀ tí ó fi ń rìn lórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Argonaut Junior ni ó sọ ọ́. Ọkọ̀ yìí rì, ó rìn, ó sì jáde padà pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀ láìfarapa. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Lake kan èyí tó tóbi jù ú lọ. Nígbà tí ìyẹn rin ìrìn àjò lójú òkun ní ọdún 1898, Jules Verne, òǹkọ̀wé Faransé tí ìwé rẹ̀ lórí ọkọ̀ abẹ́ omi ti kọ́kọ́ gbé Lake lọ́kàn sókè, fi wáyà kí i kú oríire. Ẹni tí wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ló fi pákó àti ọ̀dà ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ tiwa.

A ní láti kọ́kọ́ mú ọkọ̀ gidi kan tí a fẹ́ kí tiwa jọ. N ó mú ọ̀kan tí ó kàn wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, nígbà ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ U-69 yọ́ wá ri bọ́ǹbù sínú omi ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó àti ti Takoradi ní Gold Coast. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọkọ̀ Robert Hughes tí wọ́n fi ń gbẹ́ yanrìn ní Èkó kọlu ọ̀kan nínú bọ́ǹbù náà, ó sì rì. Àwọn baba wa wà létí omi, wọn kò rí ẹni tó wá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gùn tó mítà 67, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó mítà 6.2. Bí a bá sọ mítà 1 lára rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà 1 lára tiwa, tiwa yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 67, yóò sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6.2. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ṣe é: páìpù omi kan wà tí àwọn púlọ́ḿbà ń lò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6.3. Àjẹkù rẹ̀ kì í wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Kí ọmọ gé páìpù náà ní sẹ̀ǹtímítà 50. Ìyẹn ni ara ọkọ̀, ibi tí omi kò gbọdọ̀ wọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 17 tó kù ni imú àti ìdí, tí a ó fi orí ike omi méjì ṣe, tí a ó sì fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí lára kí omi máa wọ̀ ọ́ kí ó sì máa jáde bó ṣe fẹ́. Ọkọ̀ gidi náà ní irú ibi bẹ́ẹ̀ tí omi ń wọ̀. Ìdérí páìpù ẹ̀yìn, kí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Ti iwájú ni kí ó jẹ́ irú èyí tí a lè yí ṣí, tí ó ní òrùka rọ́bà nínú.

Nígbà tí ó bá dé ìdérí pa tán, kí ó gbé e lọ bá fúkànáísà àdúgbò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé fúkànáísà ni ọ̀gá wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni ó ń ṣe bí táyà bá jò? Ó ń ri rọ́bà rẹ̀ sínú bàsíà omi, ó sì ń wo ibi tí omi ti ń hó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ọmọ ri páìpù rẹ̀. Ibi tí omi bá ti hó, ibẹ̀ ni ikú ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ tí ń jò kò ní bí ó ṣe lè jókòó sórí ìwọ̀n, nítorí pé bí ó ṣe ń pẹ́ nínú omi ni ó ń wúwo sí i.

Ìwọ̀n náà wá dé wàyí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ohunkóhun tí a bá ri sínú omi, omi yóò gbé e sókè pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí ó tì kúrò láyè. Archimedes ará Gíríìkì ló fi èyí hàn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún báyìí. Páìpù wa, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6.3 tó sì gùn ní 50, yóò ti omi tó bí 1,560 mílílítà kúrò láyè. Mílílítà omi kan, gíráàmù kan ni. Nítorí náà, bí gbogbo ọkọ̀ náà bá fúyẹ́ ju gíráàmù 1,560 lọ, yóò léfòó. Bí ó bá wúwo jù ú lọ, yóò rì. Ohun tí a fẹ́ ni kí ó wúwo ní 1,590, kí ó fi gíráàmù 30 péré ju omi lọ.

Níbo ni ọmọ tálákà yóò ti rí òṣùwọ̀n tó mọ gíráàmù 30? Kò nílò rẹ̀. Kí ó ra síríńjì ńlá tuntun tó gba mílílítà 60 ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, kí ó sọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù dáadáa bí ó bá ní abẹ́rẹ́. Síríńjì 26 àti ààbọ̀ omi, kí ó fà á sínú ọ̀rá kan. 1,590 gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kí ó wá igi tó tọ́, kí ó so okùn mọ́ àárín rẹ̀, kí ó gbé ọ̀rá omi kọ́ apá kan, kí ó sì gbé ọkọ̀ kọ́ apá kejì. Páìpù nìkan kò wúwo tó. Yóò gba ìṣó àti nọ́ọ̀tì irin tó bí kílò kan kí igi náà tó tẹ́ ní ọgbọọgba. Gbogbo wa la mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti lù nídìí lọ́jà. Ẹni tó bá lu ìdí kọ́ńgò lè rí oníbàárà tàn jẹ. Kò lè rí omi tàn jẹ láéláé.

Àwọn irin yẹn, kí ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ inú páìpù, kí ó yọ́ àbẹ́là lé wọn lórí kí wọ́n má bàa yí. Bí irin bá wà lókè, ọkọ̀ yóò dojú dé bí ọ̀mùtí. Bí ó bá pọ̀ jù níwájú, imú ni yóò kọ́kọ́ rì. Kí ó máa sún un síwájú sẹ́yìn títí tí ọkọ̀ yóò fi tẹ́ nínú omi bí ẹni sùn sórí ẹní.

Ohun tí yóò mú un gòkè ńkọ́? Kí ọmọ wá rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí, kí ó so ó mọ́ ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, èyí tó jẹ́ tuntun. Ẹnu kejì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò wà lára síríńjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Kí ó gbé rọ́bà afẹ́fẹ́ náà sí àárín òkè ọkọ̀, lábẹ́ ike tó là tó sì dá ihò sí lára, tí yóò dà bí òrùlé ọkọ̀. Kí ó gbé ike ọṣẹ kékeré kan nàró sórí òrùlé yìí, ilé ìṣọ́ ọkọ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti síríńjì wọlé, mílílítà 60 afẹ́fẹ́ yóò wú rọ́bà náà, ọkọ̀ yóò sì ti omi 1,620 kúrò láyè pẹ̀lú ìwúwo 1,590. Yóò gòkè. Bí ó bá fa síríńjì padà, rọ́bà yóò sún kì, ọkọ̀ yóò sì rọra lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ gidi ń fi afẹ́fẹ́ lé omi jáde nínú táǹkì rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni.

Láti máa rìn, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò tó ti bàjẹ́ tó. Wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan yóò jẹ́ ọ̀pá rẹ̀, agolo mílíìkì tí a gé yóò jẹ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Níbi tí ọ̀pá bá ti gba ìdérí kọjá, kí ó ki ìhò bírò tó ṣófo bọ ibẹ̀, kí ó fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì rọ gíríìsì kún inú rẹ̀. Ọ̀pá yóò máa yí, omi kò sì ní ráyè wọlé. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, ọwọ́ ọmọ ni kí wọ́n wà lórí ilẹ̀. Kí wáyà wọn bá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà rìn. Bí ó bá yí bátìrì padà, ọkọ̀ yóò máa fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná ilé tàbí ti jẹnẹrétọ̀ súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá, omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ní kí a lo rẹ́mótù, ẹ sọ fún un pé omi iyọ̀ ń gbé ìgbì rédíò mì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀rọ ńlá inú òkun pàápàá fi ń fi okùn gba àṣẹ.

Wàyí o, ọkọ̀ ti ń rì, ó ti ń gòkè nínú dúrọ́ọ̀mù omi ẹ̀rọ. Kí ọmọ da iyọ̀ sí omi náà títí yóò fi dà bí omi òkun, bí gíráàmù 35 sí lítà kọ̀ọ̀kan. Kí ó tún fa síríńjì. Ọkọ̀ kò ní rì! Bí ó fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, orí omi ni yóò wà. Kì í ṣe àjẹ́ ló ṣe é. Omi òkun wúwo ju omi ẹ̀rọ lọ, lítà rẹ̀ kan tó gíráàmù 1,025. Páìpù tí omi ẹ̀rọ ń fi gíráàmù 1,560 gbé, omi òkun yóò fi bí 1,599 gbé e. Ọkọ̀ tó wúwo ní 1,590 kò lè bá a jà. Ìṣó mélòó kan ni yóò fi kún un kí ó tó gbà.

Ohun tí ọmọ yìí rí nínú dúrọ́ọ̀mù, òun náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ńlá ní èbúté Abidjan. Ọ̀sà Ébrié kì í ṣe omi kan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Òkun ń gba Vridi wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀, odò Comoé àti àwọn odò mìíràn sì ń da omi tútù sí i, pàápàá nígbà òjò. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù yóò rí àmì róbótó kan tí ìlà gba àárín rẹ̀, àti àwọn ìlà kéékèèké pẹ̀lú lẹ́tà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì Plimsoll ni wọ́n ń pè é, nítorí Samuel Plimsoll, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó jà títí òfin fi jáde ní ọdún 1876 pé kí wọ́n máa fi àmì sí ibi tí omi kò gbọdọ̀ kọjá lára ọkọ̀. Àwọn onílẹ́tà yẹn ń sọ ibi tí omi lè dé lára ọkọ̀ nínú omi tútù àti nínú omi iyọ̀, ní ilẹ̀ olóoru àti ní ilẹ̀ òtútù. Kí òfin yẹn tó dé, ẹ̀mí àwọn atukọ̀ ni wọ́n fi ń san gbèsè ojú tí a fi ń díwọ̀n.

Ẹ̀kọ́ kan kù, òun ló sì le jù. Omi ń tẹ nǹkan. Bí a bá fi mítà 10 wọ inú omi, ìtẹ̀ rẹ̀ yóò fi bíi kílò 1 kún un lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ní mítà 1 péré, omi yóò ti fi bíi kílò 3 tẹ ìdérí ọkọ̀ kékeré wa. Rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀ náà yóò sún kì bó ṣe ń jìn, nítorí náà kí ọmọ má jẹ́ kí ó jìn ju mítà kan lọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 2023, ọkọ̀ abẹ́ omi kan tí wọ́n ń pè ní Titan gbé ènìyàn márùn-ún lọ wo àwókù ọkọ̀ Titanic, níbi tí omi ti jìn tó mítà 3,800. Ara ọkọ̀ náà kò lè gba ìtẹ̀ ibẹ̀. Ó fọ́ lójijì, àwọn márààrún sì kú. Àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn tó ni ọkọ̀ náà ṣáájú pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kàn án léwu. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan èyí tí ènìyàn yóò wọ̀. Bàsíà àti dúrọ́ọ̀mù tó fún ọmọdé, kí àgbàlagbà sì wà nítòsí. Èbúté kì í ṣe ibi ìṣeré. Ẹ̀ṣọ́ tó bá rí ohun tó jọ ọkọ̀ abẹ́ omi létí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kò ní béèrè pé ta ni bàbá rẹ.

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Treichville, ní Èjìgbò, ní Èkó àti níbi gbogbo, n kò ní kí ẹ sọ ọmọ yín di atukọ̀ ní túláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá fọ́ rédíò tó ti kú láti yọ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe kí ẹ tó mú pàṣán. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ fi ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òòlù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ iye tó wọ̀n sílẹ̀ kí ó tó gé. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òkun wà ní Oron ní ilẹ̀ wa, ó sì wà ní Yopougon ní Abidjan, èyí tí wọ́n ń pè ní ARSTM, tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń lọ. Ẹni tó ti bá omi ṣírò nínú bàsíà kò ní bẹ̀rù ìṣirò nígbà tó bá débẹ̀.

Okùn abẹ́ òkun yóò tún já lọ́jọ́ kan, nítorí pé kòtò Trou-sans-Fond kò kúrò níbi tó wà. Ọkọ̀ atúnṣe yóò sì tún wá. Ohun tí mo fẹ́ ni pé nígbà tí wọ́n bá sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú ibú lójú ọ̀nà Abidjan, kí ẹni tó di okùn rẹ̀ mú lè jẹ́ ọmọ Ànàgó kan tí ó ti ka síríńjì omi 26 àti ààbọ̀ sínú ọ̀rá rí nínú ọgbà bàbá rẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.